Ìwé kíkà àwọn ọmọ wa kò gbọ́dọ̀ dúró de tẹlifóònù

Lónìí, mo fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti pẹ́ nínú mi. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ọmọ wa ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà mú kí wọ́n ti ilé-ìwé pa. Àrùn náà ti rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbàgbé ohun tó fi hàn wá.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà náà?

Ní ilẹ̀ Tógò, wọ́n ti ilé-ìwé ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 2020. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, wọ́n tì í ní ọjọ́ 30 oṣù kan náà. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún, àwọn ọmọ CM2 àti àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì padà sí kíláàsì ní Bẹ̀nẹ̀. Àwọn kéékèèké, láti CI títí dé CM1, kò bá wọn wọlé. Ní Tógò, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ni àwọn tó ń múra ìdánwò padà.

N kò bá ìjọba jà nítorí pé wọ́n ti ilé-ìwé. Àrùn ń tàn ká, a kò sì tíì mọ bí yóò ti le tó. Ẹ̀mí ló ṣáájú ìwé. Ọ̀rọ̀ kan ni mo ń bá jà. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa kẹ́kọ̀ọ́ nílé lórí tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà. Nílé ta ni?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, àjọ UNESCO sọ iye àwọn ọmọ tí kò ní irinṣẹ́ wọ̀nyí. Nínú 100 ọmọ ilé-ìwé ní ìsàlẹ̀ aginjù Sàhárà ní Áfíríkà, 89 ni kò ní kọ̀ǹpútà nílé. 82 ni kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣírò ohun tó kù. Ọmọ 11 péré ló ní kọ̀ǹpútà. Ìmọ̀ràn tó wúlò fún ọmọ 11, tó sì fi ọmọ 89 sílẹ̀, ṣé ìmọ̀ràn gbogbo ìlú ni?

Ohun tí mo fi ojú mi rí

Ní abúlé tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé, lágbègbè Kétu, olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù. Ó ṣe dáadáa, mo yìn ín. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù kan ṣoṣo ló lè gba ẹ̀kọ́ náà ní abúlé, ti ọkùnrin tó ń ta káàdì ni. Ọmọ mẹ́jọ pé lé e lórí, orí kan orí, nígbà tí wọ́n ní kí a jìnnà síra wa. Ìwé náà kéré jù lójú tẹlifóònù, wọn kò rí i kà. Kò pẹ́, iná rẹ̀ tán. Ọkùnrin náà ní òun kò lè máa fi owó òun ra íntánẹ́ẹ̀tì fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ kankan kò tún wá.

Ọmọbìnrin aládùúgbò mi kan wà ní CM1 nígbà náà. Ó mọ ìṣirò ju àwọn ọkùnrin kíláàsì rẹ̀ lọ. Àkókò gbígbin àgbàdo ni ilé-ìwé tì. Ó bá ìyá rẹ̀ lọ sóko, èyí kò burú. Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kiri gàrí. Nígbà tí ilé-ìwé ṣí, mo lọ bá ìyá rẹ̀. Ó ní: "Olùkọ́, gbogbo ohun tó kọ́ ló ti gbàgbé. Ojú ń tì í láti tún jókòó ní kíláàsì. Gàrí tó ń tà sì ń ràn wá lọ́wọ́." N kò rí èsì fún un. Ọmọ náà kò padà mọ́. Lónìí, òun náà ti ń pọn ọmọ. Bí mo bá rí i lọ́jà tó ń ṣírò owó kíákíá, inú mi a bàjẹ́. Mo wà ní abúlé yẹn ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn. Mo mọ bí a ti ń kọ́ni. Mo jókòó, mo ń retí kí wọ́n ṣí ilé-ìwé. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Ṣé ọ̀nà mìíràn wà?

Ó wà. Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Sàró, tí wọ́n ń pè ní Sierra Leone. Ní ọdún 2014, àrùn Ebola ti ilé-ìwé wọn pa títí di oṣù kẹrin ọdún 2015. Wọ́n gbé ẹ̀kọ́ sórí rádíò. Nígbà tí kòrónà dé ní ọdún 2020, wọ́n tún gbé e dìde. Rádíò kékeré kan, bátìrì méjì, ọmọ mẹ́fà lè jókòó lábẹ́ igi kí wọ́n gbọ́ ọ. Kì í ṣe pé ó pé. Rádíò kì í dáhùn ìbéèrè, ilé mìíràn kò sì ní in. Ṣùgbọ́n ó dé ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní Sàró tó yẹ kó dẹ́rù bà wá. Nígbà tí ilé-ìwé tì, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin lóyún. Ní ọdún 2015, ìjọba wọn ní kí aboyún má ṣe wọ kíláàsì. Ọdún 2020 ni wọ́n tó pa òfin yẹn rẹ́. Nítorí náà, bí ilé-ìwé bá tì, ìwé nìkan kọ́ ni kí a máa ṣọ́. Kí a máa ṣọ́ àwọn ọmọbìnrin wa pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí

Ẹlòmíràn á sọ pé: "Èmi kò gbọ́ Faransé. Báwo ni mo ṣe lè ran ọmọ mi lọ́wọ́?" Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Faransé ni wọ́n fi kọ́ èmi náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹni tó bá ti mọ̀wé kà ní èdè kan ti kọjá ibi tó le jù. B àti a, ba ni ní Yorùbá, ba náà ni ní Faransé. Lẹ́tà díẹ̀ ló yàtọ̀, bíi p àti u. Àròpọ̀ 7 àti 8 sì jẹ́ 15 ní èdè gbogbo.

Ẹ ní kí ọmọ ka ojú ìwé yìí sókè fún yín. Kí ó ka ìlà kan, kí ẹ̀yin ka èkejì. Bó bá ṣì í, ẹ ó mọ̀. Ẹ ní kí ó kọ iye abọ́ àgbàdo tí ẹ tà, àti owó tó wọlé. Ẹ ní kí ó kọ ìlà mẹ́ta nípa ohun tó ṣe lóko. Ẹ̀kọ́ gidi nìyẹn. Kò gba iná, kò gba íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí ni kí a ṣe kí àrùn mìíràn tó dé?

1. Kí a kó àwọn ìwé ilé-ìwé tí ọmọ ti kà tán pa mọ́ sí ibì kan ní abúlé. Kí a má ṣe fi wọ́n di àkàrà mọ́.

2. Kí a yan àgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó mọ̀wé. Kí oníkálukú gba ọmọ márùn-ún ní ìrọ̀lẹ́, níta gbangba, lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Kí wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́, kí wọ́n jókòó jìnnà síra wọn.

3. Kí a lọ bá àwọn onírádíò agbègbè wa. Kí wọ́n ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ọmọdé, ní Faransé àti ní èdè wa.

4. Kí olùkọ́ kọ iṣẹ́ sórí ìwé, kí ọlọ́kadà gbé e wá lọ́jọ́ ọjà, kí ó sì gbé ìdáhùn padà.

5. Lọ́jọ́ tí ilé-ìwé bá ṣí, kí a lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ọmọ tí kò padà, kí a bi àwọn òbí rẹ̀ léèrè.

Iṣẹ́ wọ̀nyí kò mú ẹrù kúrò lórí ìjọba. Iṣẹ́ wọn ni láti wá olùkọ́, ìwé àti rádíò. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kì í dúró kí òjò rọ̀ tán kó tó wá irúgbìn. Àwọn àgbà ní: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn, kí tẹlifóònù wà, kí ó má wà.

Ẹ jẹ́ kí a jíròrò

Ní abúlé yín, ọmọ mélòó ni kò padà sí ilé-ìwé lẹ́yìn kòrónà? Ta ni nínú yín tó lè gba ọmọ márùn-ún?