Igún Tí Àbúrò Wa Kò Rí

  

Ọ̀rọ̀ àbúrò wa ni a fẹ́ sọ. Ó ti yunifásítì wá sílé fún ìsinmi, ṣùgbọ́n kàkà kí ó sùn, àfẹ̀mọ́jú ni ó ń jáde lọ ka ẹyẹ. Inú bí ìyá wa: "Ṣé torí ẹyẹ ni a ṣe ń san owó ilé-ìwé?" Díẹ̀ ni ó kù kí àwa náà bá a wí.

Ó ṣàlàyé pé ní 2015 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, àti pé ibùdó ẹ̀kọ́ ẹyẹ A. P. Leventis ní Jọ́ọ̀sì ni olórí rẹ̀. Wọ́n pín Nàìjíríà sí àpótí kéékèèké lórí máàpù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 9 ní ìbú àti ní òró. Ẹni tí ó bá mú àpótí kan yóò rìn ín fún wákàtí 2 ó kéré tán, yóò sì máa kọ orúkọ ẹyẹ sínú tẹlifóònù bí ó ti ń rí wọn tẹ̀lé ara wọn. Ó lè máa fi kún un títí di ọjọ́ karùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́, tíṣà, oníṣòwò, gbogbo wọn ni ó lè ṣe é. Kò sí owó oṣù níbẹ̀ (èyí ni ìyá wa kò tíì dárí jì wọ́n).

Ní ọjọ́ kan, ó fẹ́ kọ igún sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò rí i. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, wọ́n máa ń pọ̀ ní ibi ìpẹran, wọn kò lè ṣàìsí níbẹ̀. A ní kí ó dúró ná. Àwa akọ̀wé réluwé mọ èyí: bí ọkọ̀ kò bá dé, a kì í kọ ọ́ sí ìwé pé ó dé nítorí pé ó dé lánàá. Igún tí ń ṣa ẹran jẹ ní ibi ìpẹran yìí kan náà ni wọ́n kà mọ́ àwọn ẹyẹ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun ní 2015. Májèlé ń pa á, àwọn kan sì ń tà á fún oògùn. Àwa Yorùbá kò sì lè sọ pé ọwọ́ wa mọ́ níbẹ̀. Bí ọmọdé bá ń kọ igún tí kò rí, ta ni yóò mọ̀ pé igún ti lọ?

Ó pa á rẹ́. Ní Sátidé, a bá a lọ sí ibi ìpẹran náà. Lékèélékèé pọ̀, àwòdì ń rà bàbà lókè. Wákàtí 2 ni a fi dúró. A kò rí igún kan. Nígbà tí a délé, ìyá wa kò mẹ́nu ba owó ilé-ìwé. Ó ní, "Kò tilẹ̀ ku ẹyọ kan?"

Ẹni tí ó bá rí igún ní àdúgbò rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ sọ fún wa ní ìpàdé.