Ẹ̀rọ Katakata Nìkan Kò Lè Bọ́ Ìlú: Ilẹ̀ Tútù Ni Kí A Kọ́kọ́ Wá

Nígbàkígbà tí àkókò ìbò bá súnmọ́ etílé ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ìlérí kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn olóṣèlú. Wọn a gun orí pèpéle, wọn a na ọwọ́ sókè, wọn a sì wí pé àwọn yóò ra ẹ̀rọ katakata fún àwọn àgbẹ̀, àwọn yóò sì pín ajílẹ̀ òyìnbó kárí. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ a pàtẹ́wọ́, a ó sì bú sórin. Èmi pẹ̀lú ti pàtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ tí kò bá lè sọ òtítọ́ fún ẹgbẹ́ tirẹ̀, kò yẹ ní ohun tí ènìyàn ń fi owó rà.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé omi ni irúgbìn ń mu, kì í mu katakata. Omi tí ó sì ń ṣe irúgbìn láǹfààní ni èyí tí ilẹ̀ rí mú dání lẹ́yìn tí òjò ti dá. Àwọn baba wa mọ èyí tipẹ́tipẹ́, tí wọ́n fi ń wí pé ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwa ti fi òwe náà mọ sí ọ̀rọ̀ oore láàrin ènìyàn sí ènìyàn. Ó tó àkókò kí a dá a padà sí oko.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ gidi lórí ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ wa kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rattan Lal ni orúkọ rẹ̀. Ní 1944 ni a bí i ní Punjab, ní apá ibi tí ó di ilẹ̀ Pakistan. Nígbà tí a pín India sí méjì ní 1947, àwọn ẹbí rẹ̀ di ìsáǹsá, wọ́n lọ tẹ̀dó sí India, wọ́n ń ro oko kékeré jẹun. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ní 1968. Ní 1970 ó wá sí Ìbàdàn, sí ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní 1967. Ọdún 17 ni ó lò níbẹ̀ kí ó tó padà sí Ohio ní 1987. Ní 2020 a fún un ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé, tí owó rẹ̀ jẹ́ 250,000 dọ́là.

Kí ni ó ṣe ní Ìbàdàn? Ó wọn ilẹ̀ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, láti ibi tí ilẹ̀ fi ń wálẹ̀ ní 1 nínú 100 dé ibi tí ó fi ń wálẹ̀ ní 15 nínú 100. Ó tu àwọn kan bí katakata ti ń tu ilẹ̀. Ó fi àwọn kan sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ó sì fi pòròpórò àti koríko gbígbẹ bo àwọn mìíràn. Bí òjò bá ti rọ̀, a ó gbe omi tí ó ṣàn kúrò lórí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó wọ̀n ọ́n, a ó sì wọn erùpẹ̀ tí ó bá a lọ. Ohun tí ó rí ni pé àgbàrá ń kó ilẹ̀dú lọ ràì lórí ilẹ̀ ìhòòhò. Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti fi koríko gbígbẹ bíi tọ́ọ̀nù 4 sí 6 bo hẹ́kítà kan, erùpẹ̀ tí ń lọ kò tó nǹkan.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Òjò ilẹ̀ wa kì í rọra rọ̀. Ẹ̀kán rẹ̀ ń lu ilẹ̀ ìhòòhò bí ọmọ odó. Ó ń fọ́ erùpẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ náà a sì dí àwọn ihò tóóró tí omi ìbá gbà wọlé. Omi tí kò rí ọ̀nà wọlé a di àgbàrá. Bí oòrùn bá wá mú, ilẹ̀ ìhòòhò a gbóná kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a sì máa pa ọmọ irúgbìn lára. Lábẹ́ koríko, ilẹ̀ tutù, ekòló sì wà láàyè. Ihò tí ekòló lu ni òjò ń gbà wọlé, ohun tí ó sì ń yà ni ó ń di ilẹ̀dú. Ẹ̀dá tí a ń tẹ́ńbẹ́lú ni ó ń tu ilẹ̀ fún wa láìgba kọ́bọ̀, láìmu epo.

Ẹlòmíràn lè wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìyí, pé ọgbà ìwádìí kì í ṣe oko tálákà. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ wo àgbẹ̀ kan ní Burkina Faso, Yacouba Sawadogo ti abúlé Gourga, tí kò lọ sí ilé-ìwé mìíràn ju ilé-kéú lọ. Nígbà tí ọ̀dá ba ilẹ̀ náà jẹ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó ẹrù kúrò, òun bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 1980 sí gbẹ́ ihò sí ilẹ̀ tí ó ti le bí òkúta, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó dé. Àṣà àtijọ́ ni níbẹ̀, zaï ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ó mú ihò náà tóbi sí i, ó sì da ìgbẹ́ ẹran sínú wọn. Ìgbẹ́ náà fa ikán wá, ikán lu ilẹ̀, nígbà tí òjò sì dé, omi rí ibi dúró sí. Àwọn aládùúgbò rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ọkà bàbà àti jéró hù, igi pẹ̀lú hù, títí igbó tí ó ju 20 hẹ́kítà lọ fi dúró níbi tí ilẹ̀ ti kú. A fún un ní ẹ̀bùn Right Livelihood ní 2018. Ó di olóògbé ní 2023. Ọ̀jọ̀gbọ́n àti àgbẹ̀ gba ọ̀nà méjì, ibì kan náà ni wọ́n bá ara wọn.

N kò wí pé kí a sọ katakata àti ajílẹ̀ nù. Ilẹ̀ tí ó ti gbó nílò ajílẹ̀. Ní 2006 àwọn olórí Áfíríkà péjọ sí Àbújá, wọ́n pinnu pé ajílẹ̀ tí a ń lò lórí hẹ́kítà kan yóò gòkè láti kìlógíráàmù 8 dé 50, kí 2015 tó pé. Ọdún náà pé, a kò dé ibẹ̀. Bí a tilẹ̀ dé ibẹ̀, ajílẹ̀ tí a dà sórí ilẹ̀ tí kò lè mu omi, odò ni àgbàrá yóò gbé e lọ. Owó ìlú ni ó sì ń ṣàn lọ yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe àgbẹ̀ tí kò bo ilẹ̀ ní ọ̀lẹ. Pòròpórò kan náà ni màlúù ń jẹ, òun ni a fi ń dáná, òun ni a fi ń ṣọgbà. Ilẹ̀ tí a kò tu, èpò rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹni tí ó sì yá ilẹ̀ ro fún ọdún kan, kí ni yóò mú un tún un ṣe fún ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀? Láti 1978 tí òfin ti fi ilẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà ìpínlẹ̀, ọ̀pọ̀ tálákà àgbẹ̀ kò ní ìwé kankan lórí ibi tí wọ́n ń ro.

Níbí ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Èkínní, kí a rán olùkọ́ àgbẹ̀ sí ìletò, kí ó sì fi èdè àwọn ará ibẹ̀ kọ́ wọn, ìbáà ṣe Yorùbá, Haúsá, Ìgbò, Tiv tàbí Nupe. Ìmọ̀ tí ó ti wà ní Ìbàdàn láti ìgbà Ọ̀jọ̀gbọ́n Lal kò gbọdọ̀ parí sínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì, kí òfin dáàbò bo ẹni tí ó yá ilẹ̀ ro, kí ó lè jẹ èrè ọdún púpọ̀ lórí ilẹ̀ tí ó tún ṣe. Ẹ̀kẹta, kí owó wà níbẹ̀. Ní Maputo ní 2003, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí ìdá 1 nínú 10 owó ìjọba fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Kí a bù nínú rẹ̀ san fún àgbẹ̀ tí ó bá sọ ilẹ̀ rẹ̀ jí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lal fúnra rẹ̀ ti ń pè fún irú owó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, bí òǹdíje wa bá tún gun orí pèpéle tí ó ṣèlérí katakata, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í léèrè pé: nígbà tí òjò bá dá, kí ni yóò mú omi dúró nínú ilẹ̀? Bí ó bá ní èsì, ẹ jẹ́ kí a gbé e lórí ọwọ́. Bí kò bá ní, ẹ jẹ́ kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ kí ó tó padà wá béèrè ìbò wa.