Sípíkà Tí Kò Gba Iná: Ẹ Bi Ògiri Léèrè Kí Ẹ Tó Fẹ̀sùn Kan Bátìrì

Láti Ìbàfọ̀ dé Mowé, ní etí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, etí ni àlejò fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ajíhìnrere ti gbé sípíkà ka orí àpótí lẹ́bàá ibùdókọ̀, ó ń kéde ìjọba ọ̀run. Alágbo jẹ̀díjẹ̀dí tó dojú kọ ọ́ kò tilẹ̀ la ẹnu mọ́. Ó ti gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rọ ló ń bá a polówó láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ kọjá sí Ìfọ̀ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, bákan náà ni: onígbàjámọ̀, ẹni tó ń ta oògùn eku, ilé kéwú tí wọ́n ti ń gbọ́ Kùránì kí ilẹ̀ tó ṣú. Sípíkà Bluetooth tí a ń gbé lọ́wọ́ ti kúrò ní ohun ìgbádùn, ó ti di irinṣẹ́.

Ìdí nìyẹn tí àyà fi ń já ẹni tó ni ín nígbà tó bá ti wáyà bọ̀ ọ́ lálẹ́ tí iná pupa rẹ̀ kò tàn. Ìdájọ́ kì í sì í pẹ́: "Bátìrì ti kú." Ó di ọ̀dọ̀ atúnrédíòṣe, wọ́n tú u, wọ́n pààrọ̀ bátìrì, owó lọ. Ó délé, ó fi wáyà àná tì í, iná pupa kò tún tàn, nítorí wáyà yẹn gan-an ló ti já láti ìbẹ̀rẹ̀.

A máa ń kìlọ̀ fún ara wa pé kí a má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ní ti sípíkà, ẹ jẹ́ kí n yí òwe náà po: làpálàpá ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Ohun tó wà níta ni ọwọ́ wa ń fà, tí a ń tẹ̀, tí a ń já lulẹ̀ lójoojúmọ́. Òun náà ló sì rọ̀ wá lọ́rùn jù láti pààrọ̀. Ara ògiri ni kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀, kó kan ṣájà, kó kan wáyà, kó dé ihò tí a ń ti wáyà bọ̀, kí a tó dárúkọ bátìrì rárá.

Ẹ wo bí a ṣe ń lo iná ní àdúgbò wa. NEPA ti yí padà di PHCN láti ọdún 2005, ilé iṣẹ́ apínnáká Ìbàdàn tí à ń pè ní IBEDC sì ti gba iṣẹ́ náà láti oṣù Kọkànlá ọdún 2013, síbẹ̀ "Up NEPA!" làwọn ọmọdé ṣì ń pariwo. Bí ariwo yẹn bá ti sọ, gbogbo ilé á sáré. Fóònù, tọ́ọ̀ṣì, fáànù, fíríìjì, sípíkà, gbogbo wọn á rọ́ sórí ẹkitẹ́ńṣàn kan ṣoṣo. Irin inú ẹkitẹ́ńṣàn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ yanu, kò ní lè di ẹsẹ̀ ṣájà mú mọ́. Nítorí náà, ẹ wá fóònù kan tí ẹnu rẹ̀ bá wáyà sípíkà mu, tí ẹ sì mọ̀ dájú pé ó ń gba iná. Ẹ lo ṣájà kan náà, wáyà kan náà, ihò ògiri kan náà. Bí fóònù bá gba iná, ẹ ti dá ògiri, ṣájà àti wáyà láre lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí kò bá gbà á, ẹ máa pààrọ̀ wọn níkọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ yóò fi tẹ ọ̀daràn. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì gba kọ́bọ̀.

Ẹ yí ṣájà náà padà, kí ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀. INPUT ni iná tó lè gbà láti ara ògiri. Ṣájà gidi sábà máa ń ní 100–240V níbẹ̀, ìyẹn ni pé bí iná bá tilẹ̀ rẹlẹ̀ lálẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò ń fa omi tí wọ́n sì ń lọ aṣọ, yóò ṣì máa ṣiṣẹ́. Ayédèrú náà ń kọ nọ́ńbà yìí sára, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. OUTPUT ni iná tó ń jáde. Ọ̀pọ̀ sípíkà kékeré fẹ́ 5V, kí ó sì tó ampere kan, ó kéré tán. Ẹni tó ń tì í sí ara kọ̀ǹpútà lè máa fún un ní ìdajì ampere péré. Iná pupa yóò tàn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ lè mọ́ kí ó má tíì kún. Ní ti jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ yọ ṣájà kí ẹ tó pa á, ẹ má sì jẹ́ kí ṣájà wà lára rẹ̀ tí epo bá ń tán lọ, torí iná rẹ̀ máa ń fò sókè sódò ní àkókò yẹn.

Ọ̀rọ̀ wáyà ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, pàápàá láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra sípíkà olójú USB-C, èyí tí a lè tì bọ̀ ọ́ láìwo òkè tàbí ìsàlẹ̀. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ti pàṣẹ pé láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024, sípíkà tí a ń gbé lọ́wọ́ wà lára ẹ̀rọ tó gbọ́dọ̀ ní ojú yìí tí wọ́n bá fẹ́ tà á níbẹ̀. Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ bá sì ń ṣe fún Yúróòpù, a ó rí i ní ọjà Alábà l'Ékòó àti ní ọjà Ìfọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣájà fóònù tuntun ti ń wá pẹ̀lú wáyà tó jẹ́ pé orí méjèèjì rẹ̀ jẹ́ C. Ibẹ̀ ni ìjàngbọ̀n wà. Ṣájà tó ní ihò C kì í kàn tú iná jáde. Ó máa ń kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹ̀rọ gidi ló wà ní ìkángun kejì wáyà, àmì tó sì ń wá ni résístọ̀ kéékèèké méjì, kílò-ohm 5.1 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó yẹ kó wà lẹ́yìn ihò sípíkà. Àwọn kan tó ń ṣe sípíkà olówó pọ́ọ́kú kì í fi í síbẹ̀, kí owó lè dín kù. Ṣájà wádìí, kò rí nǹkan kan, ó pa ẹnu mọ́. Ẹni tó ni sípíkà ń wo iná tí kò tàn, ó sì rò pé ẹ̀rọ tí òun rà láná ti bàjẹ́.

Kò bàjẹ́. Ẹ wá wáyà tí orí rẹ̀ kan jẹ́ USB àtijọ́, olórí pẹlẹbẹ tó fẹ̀ yẹn, tí orí kejì sì jẹ́ C. Ẹ tì í sí ṣájà àtijọ́. Orí pẹlẹbẹ kì í béèrè nǹkan kan kó tó fún yín ní 5V. Bí iná pupa bá tàn, ẹ so wáyà yẹn mọ́ sípíkà, kí ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni.

Bí wáyà àti ṣájà bá mọ́ lọ́rùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò. Eruku pupa Mowé kì í ṣe kékeré, àfi bíi pé ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ ti jọ mulẹ̀ lórí rẹ̀. Inú ihò yẹn ni eruku, òógùn àti òwú àpò ti ń pàdé, tí wọ́n á di pọ̀, tí wáyà kò sì ní wọlé tán mọ́. Igi ìtayín tàbí búrọ́ọ̀ṣì eyín gbígbẹ ni kí ẹ fi rọra họ ọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa sípíkà. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí pín-ìnnì ṣe é: irin kéékèèké tó wà nínú rẹ̀ lè tẹ̀, wọ́n sì lè gbá ara wọn. Bí òjò bá ti pa á, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa lójú afẹ́fẹ́ kí ẹ tó tì í mọ́ná. Bí iná bá ń tàn tó ń kú bí ẹ ṣe ń mi wáyà, ojú òjé tó di ihò náà mọ́ bọ́ọ̀dù ló ti là. Iṣẹ́ atúnrédíòṣe nìyẹn, kò sì yẹ kó wọ́n, torí kò kan bátìrì.

Ohun kan tún wà tí àwọn ajíhìnrere àti àwọn olólùfẹ́ fújì jọ ń ṣe: wọ́n ń ti sípíkà mọ́ná, wọ́n sì ń gbé ohùn rẹ̀ sókè pátápátá. Ṣájà 5V tó ń fúnni ní ampere kan, watt márùn-ún ló ń kó wọlé. Sípíkà tó ń pariwo lè máa ná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó jẹun tán, kí ẹ tó sọ pé kì í kún.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ó tó kan bátìrì. Bátìrì lítíọ́mù (lithium-ion) tí ilé iṣẹ́ Sony kọ́kọ́ gbé sọ́jà ní 1991 ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, èyí tí John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2019. Ẹyọ kan rẹ̀ ń gbé nǹkan bíi volt 3.7, bó bá kún, 4.2. Bí a bá lò ó gbẹ, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń ṣọ́ ọ á ti ilẹ̀kùn kó má baà bàjẹ́. Sípíkà tí ẹ gbé sínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn Kérésìmesì láìní iná nínú, tí ẹ tún wá yọ nígbà Iléyá, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ọn. Ẹ fi ṣájà gidi tì í mọ́ná fún wákàtí kan, kí ẹ jókòó tì í. Ó lè jí. Bí kò bá jí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní mítà.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ jù. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí wọ́n máa ń já wáyà, tí wọ́n á fi iná bátìrì mìíràn nà án ní tààrà kó lè jí. Bátìrì lítíọ́mù tó ti rẹlẹ̀ ju volt méjì lọ fún ìgbà pípẹ́ lè ti bàjẹ́ nínú. Bó bá tún gba iná, ó lè gbóná kó sì gbiná lójijì. Kò sí sípíkà tó tó bẹ́ẹ̀. Bákan náà, èyí tó bá ti wú, tó ti ara sípíkà ya, tó ń rùn tàbí tó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má tì í mọ́ná mọ́ láéláé. Ẹ má fi í sórí bẹ́ẹ̀dì gba iná, ẹ má fi í sábẹ́ páànù ìsọ̀ lọ́sàn-án gangan, torí bátìrì yìí kò fẹ́ kí a fún òun ní iná nígbà tí ooru bá ti ju 45°C lọ. Bó bá gbiná, ẹ kọ́kọ́ pa iná ògiri. Lẹ́yìn náà, omi púpọ̀ ni ẹ ó dà lé e. Ẹ má fa èéfín rẹ̀ símú, kí ẹ sì kó ọmọ jáde.

Bó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ bátìrì lóòótọ́, ẹ ní kí atúnrédíòṣe wọ̀n ọ́n lójú yín kó tó yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ sípíkà ń lo èyí tó rí roboto tí wọ́n ń pè ní 18650: milimítà 18 ni ìbú rẹ̀, 65 ni gígùn rẹ̀. Ẹ óò rí èyí tí wọ́n kọ 9900mAh sí lára. Irọ́ gbuu ni. Ojúlówó tó dára gan-an nínú irú rẹ̀ kì í ju 3500 sí 4000 lọ. Ojúlówó tún máa ń wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 45. Èyí tó bá fúyẹ́ lọ́wọ́, ẹ dá a padà. Volt tuntun gbọ́dọ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu: sípíkà tó ń lo méjì tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, 7.4V ló fẹ́. Bó bá sì jẹ́ sípíkà oníbátìrì fóònù Nokia, BL-5C, tí ẹ lè fọwọ́ yọ, ẹ yá ti ẹlòmíràn wò ná kí ẹ tó ra tuntun. Èyí tó bá kọ̀ láti gba iná láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ rà á, ẹ má tú u. Ẹ mú un padà pẹ̀lú rísíìtì. Òfin ààbò oníbàárà tí àjọ FCCPC ń lò fún yín láṣẹ láti dá ọjà tó lábùkù padà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tú u ti fún ontajà ní àwáwí.

Àwọn sípíkà ńlá onítáyà, èyí tí a ń wọ́ lọ sí ibi ìnáwó àti ìsọjí, yàtọ̀. Bátìrì olójé 12V ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, ìwà tiwọn sì yàtọ̀ sí ti lítíọ́mù. Wọn kò fẹ́ kí a fi wọ́n sílẹ̀ lófìfo kódà fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìnáwó bá ti parí, alẹ́ ọjọ́ náà ni kí ẹ tì í mọ́ná. Bátìrì tó bá wá kú pátápátá, ẹ má là á nínú ọgbà, ẹ má da omi kíkan inú rẹ̀ sí gọ́tà. Ní Ògijo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, ní 2025, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú wò nítorí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì àlòkù, wọ́n sì bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀, títí kan ọmọdé. Bátìrì tí ẹ ò bá là, kò lè da òjé sí ilé yín. Ẹ gbé e ní odidi lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fẹ́ ra tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oníbátìrì máa ń gba àlòkù, wọ́n á sì yọ nǹkan díẹ̀ kúrò nínú owó tuntun bí ẹ bá nájà dáadáa.