Kì í ṣe gbogbo kókó inú ọpọlọ ọmọdé ni wọ́n ń fi abẹ sí o

Ọ̀rọ̀ ńlá ni tí dókítà bá gbé fọ́tò orí ọmọ síwájú òbí, tó ní òun rí nǹkan bíi kókó nínú ọpọlọ ẹ̀. Níbi tí ìyá ti ń sunkún, tí bàbá ń wá ẹni tí yóò yá a lówó iṣẹ́ abẹ, ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ ni pé, ó kéré tán, nǹkan méjì ló lè rí bẹ́ẹ̀, ìwòsàn wọn ò sì bára mu.

Àkọ́kọ́ ni kókó gidi, ìyẹn tumour, ẹran ara tó hù níbi tí kò yẹ. Nǹkan kan ò hù ní tìkejì. Ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní myelin ló máa ń bo iṣan ọpọlọ, bí rọ́bà ṣe ń bo wáyà iná. Nígbà mìíràn, lẹ́yìn tí ọmọ bá ṣe àìsàn ìta, tí òyìnbó ń pè ní measles, tàbí ọ̀fìnkìn lásán, àwọn ọmọ ogun tó ń gbèjà ara á ṣìnà, wọ́n á máa bó ọ̀rá yìí. Ojú ibẹ̀ á wú, ó lè ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, fọ́tò á sì gbé e jáde bíi kókó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dá wọn mọ̀? Ti ọ̀rá sáábà máa ń yá: láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọmọ á máa sọ kántankàntan, ẹsẹ̀ ẹ̀ lè rọ, ojú ẹ̀ lè ṣú. Kókó gidi sáábà máa ń rọra wá, pẹ̀lú orí fífọ́ àti èébì àárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Tí wọ́n bá fa oògùn sí i lára kó tó wọnú ẹ̀rọ MRI, ti ọ̀rá lè tàn bí òrùka tí ẹnu ẹ̀ ò pàdé. Wọ́n tún lè yẹ omi ẹ̀yìn ọmọ wò, kí wọ́n sì fi ẹ̀jẹ̀ ṣe àyẹ̀wò MOG.

Tó bá jẹ́ ti ọ̀rá, oògùn steroid ni wọ́n sábà máa ń fà sí i lára, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ń gbádùn láìfojú kan abẹ. Àmọ́ kí òbí má torí ẹ̀ sá fún abẹ o. Nígbà mìíràn, àfi kí wọ́n bù díẹ̀ níbẹ̀ yẹ̀ wò kó tó lè dájú. Kí wọ́n má sì lọ ra steroid fúnra wọn ní kẹ́mísì, torí jẹjẹrẹ kan wà, lymphoma, tó máa ń fi oògùn náà sá pamọ́ fúngbà díẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ̀yin òbí bi dókítà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé: ṣé nǹkan ló hù ni, àbí ọ̀rá ló bó?