Àdéhùn Láàárín Àwọn Tí Wọ́n Ń Bá Ara Wọn Ṣẹjọ́



Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Síbẹ̀, kí adájọ́ tó gbọ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo, àwọn agbẹjọ́rò ìhà méjèèjì ti lè fọwọ́ sí àdéhùn bí mélòó kan láàárín ara wọn. Òṣìṣẹ́ lè jèrè nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ó sì lè pàdánù nínú rẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí àwọn ènìyàn wa ti gbé ẹjọ́ dé ibẹ̀. Ní ọdún 1999, àwọn ará Ìlàjẹ pe ilé-iṣẹ́ epo Chevron lẹ́jọ́ ní ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní San Francisco. Wọ́n pe ẹjọ́ náà nítorí ìbọn tí àwọn agbófinró ìjọba Nàìjíríà yìn ní ibùdó epo Parabe ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, tí ẹni méjì sì kú. Ọdún 2008 ni ẹjọ́ náà tó dé iwájú ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tí ń báni dájọ́, wọ́n sì dá Chevron láre. Kì í ṣe wíwá ẹ̀rí nìkan ni ó gba gbogbo ọdún wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti pẹ́ tó.

Ní ilé-ẹjọ́ náà, òfin ní kí ìhà kọ̀ọ̀kan fi ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ han èkejì kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Olùpẹjọ́ lè béèrè ìwé tí agbanisíṣẹ́ tì mọ́ inú àpótí, ọjọ́ 30 ni agbanisíṣẹ́ sì ní láti fèsì. Ó lè kọ ìbéèrè 25 ránṣẹ́. Ó lè pe ẹlẹ́rìí 10 kí wọ́n búra, kí a sì bi wọ́n léèrè, olúkúlùkù fún wákàtí 7 ní ọjọ́ kan.

Òfin kọkàndínlọ́gbọ̀n nínú ìlànà ẹjọ́ wọn gba ìhà méjèèjì láyè láti fi àdéhùn yí ìwọ̀nyí padà, bí adájọ́ kò bá pàṣẹ mìíràn. Wọ́n lè fi kún iye ẹlẹ́rìí. Wọ́n lè gbà kí ẹlẹ́rìí búra ní ìlú tirẹ̀. Ẹ rò ó wò: apẹja tí kò rí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú gbà, tí kò sì lówó ọkọ̀ òfuurufú, lè jẹ́rìí láti etí omi tí ó ń gbé. Irú àdéhùn yìí dára púpọ̀.

Èyí tí ó ń kọ mí lóminú ni àdéhùn lórí ọjọ́. Láti ọdún 1993, agbẹjọ́rò méjì lè sún ọjọ́ ìdáhùn síwájú láìbéèrè lọ́wọ́ adájọ́, àfi bí yóò bá ṣèdíwọ́ fún ọjọ́ tí adájọ́ ti dá fún ìparí wíwá ẹ̀rí, tàbí fún ìgbẹ́jọ́. Ilé-iṣẹ́ kì í pebi nígbà tí ẹjọ́ bá ń falẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí a lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni ebi ń pa, ẹlẹ́rìí rẹ̀ ń darúgbó, ọ̀gá tí ó mọ ibi tí ìwé wà sì ti fẹ̀yìn tì. Àwọn agbẹjọ́rò a máa sọ pé ìwà ọmọlúàbí ni kí wọ́n fún ara wọn láyè. N kò bá ọmọlúàbí jà; mo kàn ń béèrè ẹni tí ó ni ọjọ́ tí wọ́n ń fi ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá àwọn aláṣẹ jókòó lórí owó oṣù mọ̀ pé a kì í fi nǹkan sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nídìí tábìlì yẹn. Bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ sí i, kí ó kọ́kọ́ ka orúkọ àwọn ìwé tí yóò mú wá, kí ó dá ọjọ́, kí ó sì gbà pé a ó pe ẹlẹ́rìí méjì sí i. Kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé. Níbikíbi tí ẹgbẹ́ bá sì ti ń sanwó agbẹjọ́rò fún ọmọ ẹgbẹ́, kí akọ̀wé ẹ̀ka máa gba ẹ̀dà irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù, kí ó sì kà á fún ẹni tí ó ni ẹjọ́, ní èdè tí onítọ̀hún gbọ́.