Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Sábẹ, Àjàṣẹ́ àti Atakpamé, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí ẹ ń fi kóòdù àpẹẹrẹ ránṣẹ́ sórí fóònù wọn, ẹ̀yin là ń bá wí.

Àwọn kan nínú yín gbà pé bí kóòdù bá ṣe kúrú tó ni ọgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ ṣe pọ̀ tó. Ẹ wo èyí, ní èdè Python:

s = sum(x for x in l if x > 400)

Ìlà kan péré. Ṣùgbọ́n kí ni s? Kí ni x? l yẹn ńkọ́, ṣé lẹ́tà ni àbí oókan? Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ báyìí:

apapo = 0
for owo in owo_oja:
    if owo > 400:
        apapo = apapo + owo

Ìlà mẹ́rin ni, ojú fóònù sì gbà á. A mọ̀ọ́mọ̀ fi àmì ohùn sílẹ̀ nínú orúkọ, kí títẹ̀ ẹ́ má baà di wàhálà. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ka owó ọjà yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé à ń ro owó tó ju 400 fráǹkì lọ pọ̀.

Ẹ rántí ẹrù tó ti wà lórí ọmọ náà. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ níléèwé, Gẹ̀ẹ́sì ni for àti if, Yorùbá ló ń sọ nílé. Ẹ tún wá fi x àti s lé e!

Wọ́n á ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ orí ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni àbọ̀ ń di odindi nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì mọ̀ ọ́n.

A kò ní kí ẹ máa fà á gùn o. Àwọn mìíràn fẹ́ kọ́ ọmọ ní for nìkan, wọ́n á kó ogójì ìlà jọ títí for fúnra rẹ̀ á fi sọnù. Nínú ìwé tí Kernighan àti Ritchie kọ lórí èdè C ní 1978, ètò àkọ́kọ́ kò ṣe ju pé ó tẹ "hello, world" jáde lọ. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a ń sọ nìyí: ẹ gé ohun tí kò kan ẹ̀kọ́, ẹ má gé orúkọ, ẹ má sì gé ààbò. Ẹni tó fẹ́ kí àpẹẹrẹ SQL rẹ̀ kúrú, tó wá lẹ ohun tí oníbàárà tẹ̀ mọ́ àárín àṣẹ bẹ́ẹ̀, ó ti kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún olè. Bí ọmọ bá ṣe rí i ló ṣe máa dà á kọ, tí yóò sì gbé e lọ síbi iṣẹ́ gidi.

Kí ẹ tó gbé àpẹẹrẹ jáde, ẹ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kà. Bí kò bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ẹ má pè é ní kúkúrú mọ́. Ó kù díẹ̀ káàtó ni.