Ìṣẹ́jú-àáyá méjì ò pé tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún fi wọmi

Bí èèyàn bá ju òkúta sókè, bó ṣe ń lọ ni eré ẹ̀ á máa dín kù, torí òòfà ilẹ̀ ń fà á padà. Àmọ́ lọ́dún 1998, àwọn onímọ̀ tó ń wo ojú ọ̀run kéde ohun tó ya gbogbo ayé lẹ́nu: àwọn agbo ìràwọ̀ tó ń jìnnà síra wọn ò dín eré kù rárá, ńṣe ni wọ́n tún ń fi kún un!

Bí ìjà ṣe dé nìyẹn o. Àwọn kan ní agbára tójú ò rí ló ń tì wọ́n, wọ́n sọ ọ́ ní agbára òkùnkùn. Àwọn kejì ní kò sí àǹjọ̀nú kankan níbẹ̀, òfin òòfà tí Albert Einstein kọ lọ́dún 1915 ló yẹ kí wọ́n tún ṣe. Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín o. Lọ́dún 1859, Urbain Le Verrier, ọmọ Faransé, sọ pé nǹkan kan tó fara pamọ́ nítòsí oòrùn ló ń da ìrìn pílánẹ́ẹ̀tì Mercury rú. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Àṣé òfin Newton ló kù díẹ̀ káàtó, Einstein ló wá tún un ṣe.

Ni wọ́n bá ń kọ òfin tuntun lóríṣiríṣi. Púpọ̀ nínú ẹ̀ sọ pé eré ìgbì òòfà ò ní bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba.

Ọjọ́ 17, oṣù kẹjọ, ọdún 2017 ni ẹlẹ́rìí dé. Ìràwọ̀ méjì tó ti kú kọlu ara wọn níbi tó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ rin nǹkan bíi 130 mílíọ̀nù ọdún kó tó débí. Ẹ̀rọ LIGO l'Amẹ́ríkà àti Virgo n'Ítálì mú ìgbì òòfà ẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 1.7 lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ Fermi tó wà lójú sánmà rí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀. Irú ìrìn yẹn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dé!

Kí ọdún yẹn tó parí, ọ̀pọ̀ òfin tuntun ti kú. Wọn ò parọ́ o, ìṣirò wọn pé lórí ìwé, ọ̀run ni ò bá wọn fọwọ́ sí i.

Ṣé agbára òkùnkùn wá jàre ni? Rárá o. Àwọn òfin tuntun kan yè é. Agbára òkùnkùn fúnra ẹ̀, tí wọ́n ní ó kó nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá àgbáyé, kò sẹ́ni tó tíì mọ ohun tó jẹ́. Àbájáde iṣẹ́ DESI ní Arizona, tí wọ́n gbé jáde ní 2024 àti 2025, tiẹ̀ ń fi hàn pé ó ṣeé ṣe kó ti máa rẹ̀ ẹ́.

Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀.